Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ọmọdé Tí Yóò Máa Lóṣòó

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìyísódì nínú gírámà Yorùbá ni a óò gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, tí kì í ṣe ti gírámà.

Ní ọdún 2022, mo ń ti Ọ̀yọ́túnjí bọ̀, abúlé tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń bọ òrìṣà tẹ̀ dó ní ọdún 1970 nítòsí Sheldon, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. (Abúlé yẹn tó kọ ìwé lé lórí lọ́tọ̀, n óò sì kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.) Ilẹ̀ ti ṣú. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 17, iná kan yọ sí mi láti ọ̀kánkán, ó ga, ó sì tàn tààrà sí mi lójú. Mo rò pé àjàgbé kan ló ń gun òkè bọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹkùn náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní ni, kò sí òkè kankan níbẹ̀. N kò rí títì mọ́, n kò rí etí títì. Mo rọra tẹ ìjánu, mo yà sí ẹ̀gbẹ́, mo sì dúró títí ó fi kọjá. Ìgbà tó kọjá tán ni mo tó rí ohun tó jẹ́: píkọ́ọ̀pù ni, tó gbé imú sókè sí ojú ọ̀run, tí ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ọkọ̀ náà lóṣòó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwa tí a ń pàdé níbí, èdè ló kó wa jọ. Carolina Squat ni àwọn tó ń ṣe é ń pe àṣà náà. Nínú èdè tiwa, ẹni tó bá lóṣòó ní ohun tó fẹ́ ṣe nílẹ̀: ó fẹ́ fọ abọ́, ó fẹ́ ṣa ẹ̀wà, ó fẹ́ fẹ́ iná, tàbí kó jẹ́ ọmọdé tí ohun kan ń gbọ̀n lábẹ́. Bó bá ti ṣe é tán, a dìde. N kò tí ì gbọ́ ọ rí kí ẹnìkan lóṣòó láti fi ṣe fáàrí, kó sì wà bẹ́ẹ̀ láti January di December.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé mo mọ irú ọkọ̀ yìí nílé. Ta ni nínú yín tó ti rin ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lóru tí kò mọ̀ ọ́n? Ọkọ̀ tí wọ́n di iṣu àti ẹ̀fọ́ sí lẹ́yìn títí sípíríǹgì rẹ̀ fi tẹ̀, tí iná iwájú rẹ̀ wá ń tàn sórí ewé igi dípò kó tàn sójú ọ̀nà. Gbogbo wa la máa ń bú awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bú u tán, a mọ̀ pé ẹrù ló ń gbé, àti pé bó bá já ẹrù náà, ìdí ọkọ̀ yóò padà sókè. Ní Carolina, inú ọkọ̀ ṣófo. Owó ni wọ́n san kí ọkọ̀ tó ṣófo lè rí bí èyí tí ẹrù ń pa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á fi irin kún abẹ́ iwájú ọkọ̀ kó lè ga sókè, wọ́n á sì sọ sípíríǹgì ẹ̀yìn kalẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé inú aginjù ìhà ìwọ̀-oòrùn ni àṣà náà ti wá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù sá eré ìje ní Baja California ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Baja 1000 ní ọdún 1967. Nínú iyanrìn, ọkọ̀ ń fò sókè bí ẹṣin. Bó bá gbé imú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀, kò ní fi imú gúnlẹ̀. Èyí mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ̀ fẹ́ fò ní ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ́, láàárín ilé ìwé àti ilé ìtajà?

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, tí wọ́n bí sí North Carolina, ní irú ọkọ̀ yìí. Ford F-150 ni. Ó fi íǹṣì 6 gbé iwájú rẹ̀ sókè, ó sì fi íǹṣì 4 sọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ọkọ̀ mi ni, owó mi ni. Ta ni mo ṣẹ̀?”

Mo ní kó mú bírò wá. Láti àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 145. Bí iwájú bá gòkè ní 6, tí ẹ̀yìn sì lọ sílẹ̀ ní 4, ọkọ̀ náà ti dagun ní íǹṣì 10 láàárín íǹṣì 145. Ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, bí wọ́n bá ṣe dà á kọ ni yóò ṣe máa lọ. Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá fi máa rin ẹsẹ̀ bàtà 100, yóò ti fi nǹkan bí íǹṣì 83 ga ju ibi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fẹ́ kó wà lọ. Ìyẹn kù díẹ̀ kó pé ẹsẹ̀ bàtà 7. Èmi gan-an kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́kánkán, tó jókòó sínú mọ́tò kékeré, ni ìmọ́lẹ̀ náà yóò gbà kọjá.

Ó ní òun lè yí iná náà wálẹ̀. Lóòótọ́ ni, iná ṣeé yí. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bí imú ọkọ̀ bá gòkè, ohun tó wà níwájú rẹ̀ nílẹ̀ ti fara pamọ́ fún awakọ̀. Àwọn baba wa ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwúwo díẹ̀ sì tún ti kúrò lórí táyà iwájú, bẹ́ẹ̀ táyà iwájú la fi ń darí ọkọ̀, ìjánu iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Ẹni tó san owó láti fi ba ojú àti ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, kò lè bi mí pé ta ni òun ṣẹ̀.

Òfin ti dé sí ọ̀rọ̀ náà, èmi kò sì ní fi pamọ́ pé inú mi dùn sí i. North Carolina ló kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ dárúkọ: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2021, a kò gbọdọ̀ tún ọkọ̀ ṣe débi tí etí irin tó bo táyà iwájú yóò fi íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti ẹ̀yìn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọkọ̀ alóṣòó kan àti ọkọ̀ mìíràn kọlu ara wọn ní Mecklenburg County ní Virginia, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì kú; ní ọdún yẹn náà ni Virginia ṣe òfin tirẹ̀. South Carolina tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2023. Wọ́n fi ọjọ́ 180 kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀, lẹ́yìn náà ni owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀: dọ́là 100 fún ìgbà àkọ́kọ́, 200 fún ìkejì, 300 fún ìkẹta pẹ̀lú gbígba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ọdún kan.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìrẹ́jẹ ni èyí. Wọ́n ní ohun tí ìjọba fi ojú àwọn ọmọ Mẹ́síkò rí ní California lórí ọkọ̀ lowrider ni wọ́n tún fẹ́ fi ojú àwọn ọ̀dọ́ Carolina rí. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ ọmọdé, ẹ jẹ́ kí a dá a dáadáa. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1958, California ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ sọ ara ọkọ̀ kalẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ irin táyà, àwọn tó sì fẹ́ràn ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ jù lọ nígbà náà ni àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìlú tún fòfin de rírìn gbẹ̀fẹ́ wọn lójú títì, àti pé ìgbà tí ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ náà tó mú òfin wọ̀nyí kúrò. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí òfin náà ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1959, Ron Aguirre fi àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ti lò tì sí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà lè gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe fẹ́. Bó bá rí ọlọ́pàá, á gbé e sókè. Bí ọlọ́pàá bá kọjá, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ọgbọ́n nìyẹn! Ọkọ̀ náà sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyàwó tuntun, nítorí kí ènìyàn lè wò ó ni wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Awakọ̀ ń rí ọ̀nà, àwa náà ń rí i. Oge tó ń sọ pé ẹ wá wò mí yàtọ̀ sí oge tó ń fọ́ ẹni tó ń wò ó lójú.

Ìdí tí mo tún fi fẹ́ràn òfin íǹṣì 4 ni pé kò sọ ohunkóhun nípa ẹwà. Kò ní kí ọlọ́pàá wo ọkọ̀ kó ní kò wu òun, kò bi í léèrè pé ọmọ ta ni ó ń wà á. Téèpù ni yóò fà. Nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, irun àti orin àwọn ọ̀dọ́, àwọn àgbàlagbà kì í sábàá ní téèpù lọ́wọ́, ìbínú ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Èyí dára ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ ibi tí èmi àti àwọn aṣòfin ti pínyà ni mo ń bọ̀ yìí. Ní ọdún 2023 kan náà, IIHS, àjọ ìwádìí ààbò ọkọ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà ń náwó sí, tú ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 18 ìjàǹbá tí ọkọ̀ ti kọlu ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga ju íǹṣì 40 lọ fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lè pa ẹni tó bá kọlù ju ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò ju íǹṣì 30 lọ, tó sì dagẹ̀rẹ̀. Ta ló ń ṣe ọkọ̀ oníǹṣì 40 wọ̀nyí? Kì í ṣe ọmọ ogún ọdún tó ń lo irin lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é, ó ń polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń tà á fún àwọn tí kò gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan rí. Òfin íǹṣì 4 kò kàn wọ́n, nítorí pé iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwọn jọ ga ni. A ní téèpù fún ọmọ tálákà, a kò ní fún ọlọ́jà ńlá.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí àbúrò mi. Ó pè mí ní ìgbà ẹ̀rùn tó kọjá, ó ní, “Bùrọ̀dá, mo ti tún un ṣe o. Ẹ wá wò ó.” Inú mi dùn, mo gbé ọmọ mi obìnrin dání lọ kí i. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà kò lóṣòó mọ́. Kò sọ iwájú rẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ni ó gbé sókè kó lè bá iwájú dọ́gba. Ó fa téèpù lójú mi: kò sí ìyàtọ̀ íǹṣì 4, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá mi ní àyà. Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, wá dúró tì mí. Mo ké sí àbúrò mi, tó ti jókòó sídìí ọkọ̀, pé ènìyàn mélòó ló ń rí.

Ó ní, “Ẹ̀yin nìkan ni mo rí, Bùrọ̀dá. Ṣé ó ti wọlé ni?”