Ẹ Má Sọ Àwòrán X-ray Di Fọ́tò Ayẹyẹ

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán X-ray tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì fi ń wádìí bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú kírísítálì.

Bí ìtànṣán X-ray bá la kírísítálì kọjá, yóò fọ́n ká, yóò sì fi àmì tótòtó sílẹ̀. Ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ẹ̀rí wa. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí Raymond Gosling yà lábẹ́ Rosalind Franklin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, wà lára ohun tí Watson àti Crick fi mọ bí DNA ṣe rí ní 1953.

Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán náà ń wọ̀. Nítorí pé fáìlì rẹ̀ kì í tètè ṣí, àwọn kan a sọ ọ́ di JPEG, wọn a sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Àṣìṣe ńlá ni! Fáìlì oníbíìtì 16 lè fi ìpele ìmọ́lẹ̀ 65,536 hàn. 256 péré ni JPEG tí a sábà ń lò ní. Ẹ wo alájọ tí kì í ka owó tí kò bá tó ₦256: ẹni tó dá ₦10 àti ẹni tó dá ₦200, òdo ni yóò kọ fún àwọn méjèèjì. Ta ni yóò gbà? Báyìí ni àwọn àmì tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ṣe ń sọnù. Gígùn ìgbì X-ray àti bí kírísítálì ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ sórí fáìlì, a máa bá a lọ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò ní fáìlì náà ń gba àyè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní kí ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ ń gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá yín, kí lẹ ó fi hàn án?

N kò ní kí a má yí i padà o. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sínú ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà PNG. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ lo TIFF oníbíìtì 16, kí ẹ sì kọ àwọn ìwọ̀n yòókù sílẹ̀. FabIO, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣí oríṣiríṣi fáìlì bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ti àkọ́kọ́ pamọ́. Bí ẹ̀dà bá sọnù, a ó tún òmíràn ṣe; bí orísun bá gbẹ, níbo la ó ti pọnmi?