Ẹ Hun Bùláòsì Ìgbà Ooru fún Ara Yín

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi kóróṣè hun bùláòsì kan tí mo wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́. Wúùlù ni mo lò, n kò sì wọn ara mi. Kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní Òǹdó, òógùn ti bò mí. Aṣọ náà sì fún mọ́ mi láyà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ìborùn bò ó títí ayẹyẹ fi parí.

Òwú ni kí ẹ rà fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé òwú a máa fa òógùn mu. Wúùlù a máa há ooru mọ́ni lára. Abẹ́rẹ́ kóróṣè mìlímítà 4 dára fún un.

Ẹ kọ́kọ́ hun àpẹẹrẹ kékeré, kí ẹ ka iye ojú tí ó wà nínú ínṣì 4. Bí ó bá jẹ́ 16, ojú 4 ni ínṣì kan gbà. Bí àyà yín bá jẹ́ ínṣì 36, ẹ fi 2 kún un kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Ìlàjì 38 ni 19; ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 76. Ojú 76 ni kí ó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn. Bí méjèèjì bá ti gùn tó, ẹ rán èjìká àti ẹ̀gbẹ́ pọ̀, kí ẹ fi àyè ọrùn àti apá sílẹ̀.

Mo ti tú ti wúùlù yẹn, mo fi hun fìlà ọmọ-ọwọ́. Ti òwú ni mo wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, láìsí ìborùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.