Dírẹ́bà Kọ́ Ló Ba Gíà Jẹ́, Ọ́ìlì Ni!

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Òdìgbó. Ìyá tó kọ ọ́ ní kí n fi orúkọ bo òun láṣìírí, mo sì ti gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti gàrí ló ń tà. Ó ní píkọ́ọ̀pù Pijó 504 kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó lọ sọ́run, òun ló fi ń kó ẹrù láti oko wá sí Ọ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń wa mọ́tò náà fún un.

Mo gé lẹ́tà náà kúrú, ohun tó kọ nìyí: "Ọmọ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó oṣù kan tí gíà mọ́tò mi ti ń pariwo. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ ti gíà sí èkejì, á ké kíríkírí bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Mẹkáníìkì ní dírẹ́bà ló ń fi ipá ti gíà, pé kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì dópin. Ó ní kí n lọ ra gíàbọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Owó àjọ tó kàn mí lóṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fi rà á. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ní kó máa lọ. Àmọ́ oorun ò kùn mí mọ́, torí èmi ni ìyá rẹ̀ fi í lé lọ́wọ́ kó tó kú. Ṣé mo jẹ̀bi?"

Haba, Màmá! Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti gíà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àgbọ́ẹ̀jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà ni. Mo wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, ó di Òdìgbó. Mo bá ìyá náà, mo sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ náà wá.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọjọ́ wo ni ariwo yìí bẹ̀rẹ̀?" Ó ní, "Ọjọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ni. Mo sọ fún Màámi, wọ́n ní mò ń wá àwáwí." Ó dìde, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó mọ́tò, ó fa ike òfìfo kan yọ. Ó ti ń fi í pọn omi sí radiétọ̀. Mo ka ohun tó wà lára ike náà: 80W-90, GL-5.

Èmi tí mo kàn jáde ìwé mẹ́wàá, kí ni mo mọ̀ nínú GL-5? A gbé mọ́tò náà, ó di ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Ọ̀rẹ̀, ẹni tó ti ń tú Pijó láti ìgbà tí wọ́n ti ń tò ó ní tuntun ní Kaduna. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí pé ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Kaduna yẹn bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Kí a tó dé ibẹ̀, ariwo tí gíà yẹn pa lójú títì kì í ṣe kékeré. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn ogun 1967 mọ ohun tí mò ń wí.

Bàbá náà wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fi ìka kan ọ́ìlì náà, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ, wá gbóòórùn." Mo gbóòórùn. Ó ń rùn bí imí-ọjọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ́ìlì dáadáa ni. Kì í ṣe ayédèrú. Ilé onílé ló wọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí bàbá ṣe là á yé mi.

Nínú gíàbọ́ọ̀sì, àwọn irin eléyín ló ń yí mọ́ra wọn. Àwọn òrùka idẹ wà láàrin wọn. Bí dírẹ́bà bá fẹ́ pààrọ̀ gíà, òrùka idẹ yìí ló máa kọ́kọ́ di irin tó ń yí mú, kí eré rẹ̀ àti ti èkejì lè bára dọ́gba, kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Ẹ wo kọ̀ńdọ́ tó fẹ́ fò sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò tó ń lọ. Ṣebí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré bá mọ́tò dọ́gba ni? Bí kò bá sáré, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Bí òrùka ò bá rí irin dì mú, eyín á kọlu eyín. Ariwo kíríkírí yẹn nìyẹn.

Kí ló wá lè mú kí òrùka má rí irin dì mú? Kí ọ́ìlì máa yọ̀ ju bó ti yẹ lọ ni. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fi ilá ra ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ṣí ìdérí ìgò. Ṣé ó máa ṣí?

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ GL-5 sí lára, tìtorí ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ṣe ṣe é, ìyẹn àpótí irin rogodo tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Níbẹ̀, eyín irin ń fi agbára ńlá ha ara wọn lábẹ́ ẹrù. Kí wọ́n má bàa jẹ ara wọn, wọ́n po oògùn sínú ọ́ìlì náà, oògùn tó ní imí-ọjọ́ nínú. Èyí tó wà nínú GL-5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti GL-4. Ó dára fún ẹ̀yìn, kò sí òrùka idẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á sínú gíàbọ́ọ̀sì àtijọ́, ohun méjì ló lè ṣe. Èkíní, á yọ̀ jù, òrùka ò ní rí nǹkan dì mú. Èkejì, bí mọ́tò bá gbóná, irú imí-ọjọ́ tó wà nínú àwọn kan lára wọn á máa jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo GL-5 ló ń jẹ idẹ, àmọ́ ta ló fẹ́ fi mọ́tò àkókò baba rẹ̀ dán an wò?

Mo wá bi bàbá pé, "Ọ́ìlì wo ló wá yẹ Pijó 504 yìí?" Ó ní, "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì." Mo ní, "Bàbá, gíàbọ́ọ̀sì ni mò ń bi yín o." Ó ní, "Mo gbọ́ ọ." Ó wọnú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìwé 504 kan jáde, ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú. Òótọ́ ni! Gíàbọ́ọ̀sì 504 onígíà-ọwọ́ àtijọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n máa dà sí i, irú 20W-40 tàbí 10W-40, kò sì gbà ju lítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni 80W-90 wà fún. Mẹkáníìkì ìyá yìí kì í ṣe òṣìkà. Ó kàn ra ọ́ìlì kan, ó sì dà á sí ibi méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kún un, torí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ẹnìkan á ní, "40 ló wà lára ti ẹ́ńjìnnì, 90 ló wà lára ti gíà, 90 ló ki jù, ẹ fún mi ní 90!" Rárá o. Òṣùwọ̀n méjì ni. Ó dà bí ẹni fi kóńgò Ọ̀rẹ̀ wọn gàrí, tí ẹlòmíràn fi kóńgò ìlú mìíràn wọn ọ́n. Ọ́ìlì gíà 90 kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 tàbí 50 lọ. Nọ́ńbà tó ní W lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìgbà òtútù, ó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣàn tó bí ilẹ̀ bá tutù. GL ní tirẹ̀ ń sọ irú iṣẹ́ tí ọ́ìlì gíà lè ṣe. Nítorí náà, ẹ máa ka méjèèjì, ẹ má ka ẹyọ kan.

Mọ́tò yàtọ̀ síra o. Volkswagen ìjàpá, àpótí kan ṣoṣo ló kó gíàbọ́ọ̀sì àti irin tó ń yí táyà pọ̀, ọ́ìlì kan ló sì ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́. GL-4 oní 90 ló yẹ ẹ́. Mẹ̀sí àtijọ́ onígíà-ọwọ́, irú W123, ọ́ìlì pupa tí a mọ̀ mọ́ gíà ọ̀tọ́mátíìkì ni ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n dà sí i. Ẹ ò rí i báyìí? Ohun tó jẹ́ oúnjẹ fún ọ̀kan, májèlé ni fún èkejì. Tí ìwé mọ́tò yín bá wà, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ irú mọ́tò yẹn gan-an, kì í ṣe ẹni tó kàn ń ta ọ́ìlì.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró ti mẹkáníìkì kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣe báyìí:

Ẹ wa mọ́tò díẹ̀ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á ṣàn dáadáa. Ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, kí wọ́n tó tú ti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti da ọ́ìlì nù tán kí wọ́n tó rí i pé ti òkè ti dógùn-ún, kò tú mọ́. Níbo ni wọ́n fẹ́ gbà da tuntun sí i? Mọ́tò á wá dúró síbẹ̀ bí ère.

Ẹ wo ọ́ìlì tó jáde. Bó bá ń dán bíi wúrà, òrùka idẹ ti ń jẹ nìyẹn. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, pàápàá nígbà òjò tí mọ́tò bá ń la adágún kọjá. Bí ẹ bá rí èérún irin tó tó èékánná, ẹ má dà á bò mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú gíàbọ́ọ̀sì náà wò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n da tuntun sí i títí yóò fi dé ẹnu ihò òkè, tí yóò fẹ́ máa tú jáde. Bó ṣe kún nìyẹn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀tàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú gíàbọ́ọ̀sì tó ń pariwo, kó lè dákẹ́ títí wọn yóò fi tà á. Ẹ̀yin ará Ọ̀rẹ̀, ibi pákó kò jìnnà sí wa, ẹ la ojú yín. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n tún dì sínú ike náà wà níta. Ẹ wo ìdérí, ẹ wo èdìdì, kẹ́ ẹ sì rà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ń jò, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń dá a dúró. Ẹ má wá ọ́ìlì tó ki bí ọ̀dà Agbábù torí kó má bàa jò. Ọ̀dà kò lè dé ibi tóóró, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni gíà máa kọ̀ láti wọlé.

Báwo ni ti ìyá wa ṣe wá já sí? Bàbá da GL-5 yẹn nù, ó da 20W-40 sí i, ó ní kí ọmọ náà wà á lọ sí Òdìgbó kó wà á padà. Nígbà tí wọ́n dé, gíà kẹta àti ìkẹrin ti ń wọlé jẹ́jẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, èkejì ṣì ń ké díẹ̀ bí wọ́n bá kánjú tì í. Bàbá ní òrùka tibẹ̀ ti jẹ díẹ̀, òun nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀ bí owó bá wà, kò kan gíàbọ́ọ̀sì odidi.

Màmá bi mí bóyá òun jẹ̀bi. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Nípa ti gíà, ẹ ò jẹ̀bi, ẹ ò mọ̀ ni. Nípa ti ọmọ yìí, ó sọ fún yín, ẹ ò gbọ́. Inú mi dùn pé n kò ní láti sọ èyí fún wọn. Kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, mo rí i tí ìyá náà tú kọ́kọ́rọ́ létí aṣọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Gbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àgbagbà ń pọ́n lóko." Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀. Owó àjọ ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin olówó mọ́tò, kí ẹ tó lé dírẹ́bà, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára ike. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ máa tọ́jú ike òfìfo, ẹlẹ́rìí yín ni. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, èmi ò bú yín o. Bí ẹ bá ní àfikún tàbí àtúnṣe, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé yìí, n óò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ojú ọ̀nà kò ní pa wá.