Alágbàṣe ni wọ́n, àbí òṣìṣẹ́?

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sí olóko ọ̀pẹ tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko lójoojúmọ́ àti alágbàṣe tó gbé àdá tirẹ̀ wá, tí wọ́n wọn ilẹ̀ fún, tó ro ó tán, tó gba owó rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí alágbàṣe bá rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jọjú ní oko ẹlòmíràn lọ́la, olóko kò lè dá a dúró. Bí ara rẹ̀ kò bá sì yá, ẹrù olóko kọ́. Bí wọ́n bá bi àgbàlagbà kan léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní Erinje, kò ní pẹ́ rárá kó tó là á yé ènìyàn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ìyàtọ̀ tí àgbẹ̀ mọ̀ yìí kò yé wọn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní occupational therapist. Dókítà ni ó ń dá ẹ̀mí aláìsàn dúró. Àwọn onífisiò ni ó ń na iṣan tó ti kákò, tí wọ́n ń mú aláìsàn rìn. Àwọn ti ibí yìí ni ó wá ń kọ́ onítọ̀hún bí yóò ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: bí ìyá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù yóò ṣe fi ọwọ́ kan ṣoṣo bó ẹ̀gẹ́, tí yóò sì tún lè ro púpurú fún ara rẹ̀, bí ọkùnrin tó ré bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, yóò ṣe máa dá wẹ̀, tí yóò dá wọ ṣòkòtò, tí yóò sì rí iṣẹ́ àfijókòó-ṣe kan tí kò ní sọ ọ́ di alágbe, bí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti ìgbà tí wọ́n ti bí i yóò ṣe mú ṣíbí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tí ògógóró olóró pa ènìyàn tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Òde-Irèlè tí kò jìnnà síbí, tí ojú àwọn mìíràn sì fọ́, ariwo òkú ni gbogbo ènìyàn gbọ́. Ta ni ó béèrè bí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lójijì yóò ṣe máa dáná?

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Láti ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ti gbogbo alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ẹbí kan sì tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn onílé wọn lọ sóko. Ìròyìn ètò yìí kàn káàkiri àgbáyé. Lónìí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà débi oyè, ìjọba àpapọ̀ sì dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ ní Òṣòdì. Òfin 38 ti ọdún 1988 ni ó gbé àjọ tó ń ṣàkóso wọn kalẹ̀, ìyẹn MRTB, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì ní ìwé àṣẹ àjọ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan aláìsàn lórúkọ iṣẹ́ yìí.

Wọn kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ni ó sì wà ní ìlú ńláńlá, ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà wọ́n síṣẹ́ fi kan ará Erinje gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ pátápátá ní owó oṣù, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan wà lábẹ́ àdéhùn ọdún kan tàbí méjì. Àwọn kan ń ṣe lókọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń gba owó ọjọ́ tí wọ́n bá wá. Àwọn yòókù ni kọngílá, tí wọ́n ń ti ilé aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ wọn, àpò irinṣẹ́ sì wà léjìká wọn.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn jẹ́ kọngílá. Ọ̀dọ́ tó bá fi Òkìtìpupa ṣe ibùdó, tó ń dé Erinje, Igbótako, Ìlútìtun àti Òde-Ayé, lè rí owó ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ, àwọn ará abúlé yóò sì rí ìtọ́jú láìjẹ́ pé wọ́n gbé arọ lọ sí Àkúrẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí ọ̀gá ti ń pe òṣìṣẹ́ ní kọngílá. Yóò ní kó wọlé ní aago mẹ́jọ, kó jáde ní aago mẹ́rin, kó wọ aṣọ ilé ìwòsàn, kó lo irinṣẹ́ ilé ìwòsàn, kó má sì rán ẹnikẹ́ni wá dípò ara rẹ̀. Bí oṣù bá parí, yóò san iye kan náà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá béèrè owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìsinmi, wọn yóò sọ fún un pé kọngílá ni.

Òfin kò fàyè gba irú eré bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ tó wà láàrin ilé iṣẹ́ Shena Security àti Afropak, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà la ohun tí adájọ́ yóò wò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé owó oṣù ni wọ́n ń san, àbí owó iṣẹ́ tó parí? Ta ni ó ni irinṣẹ́? Ṣé ẹni náà lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn bá a ṣe? Ta ni ó ń yan àkókò iṣẹ́ fún un, níbo sì ni ó ti ń ṣe é? Bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, àwọn ìbéèrè tí olóko yóò bi ara rẹ̀ nípa alágbàṣe náà nìyí, àdá ni wọn kò kàn dárúkọ.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó jáde lọ́dún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kó má sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, àpò náà ni yóò tọ́jú rẹ̀. Òfin náà ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ àti kásúà mọ́ ọn. Kọngílá nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó gbé arọ dìde lórí ibùsùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́, yóò máa dá owó oògùn ara rẹ̀ san bí ìwé rẹ̀ bá pè é ní kọngílá. Bákan náà ni owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá ìdá 10 nínú 100, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8. Ọ̀gá tó bá pe òṣìṣẹ́ mẹ́fà ní kọngílá lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sábẹ́ iye yẹn. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ní ètò ìfẹ̀yìntì kéékèèké tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n òun nìkan ni yóò máa dá a. Òun náà ni yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ yanjú owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 2026 ti yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún kúrò nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí tó ń rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin òṣìṣẹ́ ọdún 1971, tó ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Ìwé tí ọmọ náà bá fọwọ́ sí ni òfin tirẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, ẹnu ọ̀gá ni yóò máa wò.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù W-2 ni ti òṣìṣẹ́, 1099 ni ti kọngílá, ẹni tó bá gba 1099 ni yóò sì dá gbogbo ìdá 15.3 nínú 100 tí ìjọba ń gbà fún ìfẹ̀yìntì àti ìlera arúgbó san, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ti ń pín in sí méjì. Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin IR35 láti ọdún 2000 nítorí irú ẹ̀tàn yìí. Nígbà tó di ọdún 2017, wọ́n gbé e lé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wọn lórí láti sọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ kọngílá ní tòótọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ yìí lókè òkun mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, nítorí àpò wọn ni ó ń kàn.

Ìdílé tó bá fẹ́ gba onítọ̀hún wá sílé ní Erinje, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ MRTB tí ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan: ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, èló ni owó ìgbà kan, ta ni yóò san owó ọkọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí aláìsàn bá kú tàbí bí ara rẹ̀ bá yá kí oṣù tó pé. Àìkọ ọ́ sílẹ̀ ni ó ń sọ ìtọ́jú di ìjà láàrin ọmọ ìyá.

Èyí tó kù di ọwọ́ ìjọba. Gómìnà Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ìlàjẹ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà Òkìtìpupa fún òun. Kí ìjọba rẹ̀ gba irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí pátápátá sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Òkìtìpupa, kí wọ́n sì ní ọjọ́ tí wọn yóò máa dé àwọn ìlú tó yí i ká. Bí owó kò bá tó láti gbà wọ́n pátápátá, kí àjọ ètò ìlera alájọdá ti ìpínlẹ̀ Òǹdó gbà wọ́n ní kọngílá gidi, kí wọ́n fi owó ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wọ ilé aláìsàn sínú ohun tí àjọ náà ń san, kí owó náà sì tó ra epo ọ̀kadà láti Òkìtìpupa dé Erinje àti padà.