Kí Wọ́n Má Fi Lẹ́tà Wa Kún Lẹ́tà Olè

 

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi ẹ̀ka yìí pé, "Kí ló dé tí ẹ kò fi ímeèlì pè wá sí ìpàdé?" A pè yín. Inú àpò tí wọ́n ń pè ní Spam, níbi tí ẹ̀rọ ń kó pàǹtí lẹ́tà sí, ni lẹ́tà náà wà. Ní Gmail, bí lẹ́tà bá lo ọgbọ̀n (30) ọjọ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ìpè síbi iṣẹ́ tuntun ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ti owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́?

A kò ní kí wọ́n má ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Láti 1978, nígbà tí ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ti fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí nǹkan bí irínwó (400) ènìyàn tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ni wàhálà yìí ti wà. Àwọn oníjìbìtì sì ti bá a wọlé, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ tó bá ń da ògì nù mọ́ èérí kò ṣe ológì lóore.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ọkọ̀ ti ní nọ́ńbà. Àwọn àjọ kan, bí Spamhaus tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1998, ń kọ nọ́ńbà àwọn tí wọ́n fura sí sínú ìwé. Ẹ̀rọ tó fẹ́ gba lẹ́tà yóò yẹ ìwé náà wò. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, ó lè ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ló ń pín nọ́ńbà kan lò. Ẹ̀yin awakọ̀, ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ká ẹrù olè mọ́ ọkọ̀ kan, tó wá ní kí gbogbo ọkọ̀ gáréèjì náà má jáde mọ́. Àwọn kan lókè òkun tilẹ̀ ti dí gbogbo nọ́ńbà tó ti Nàìjíríà wá.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ní ìparí 2004 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2005, Verizon ní Amẹ́ríkà dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń bọ̀ láti Yúróòpù, títí àwọn oníbàárà fi pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹrin 2006, AOL fẹ́ máa gba owó kí lẹ́tà tó kọjá asẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó bá dárúkọ ojúlé àwọn tó ń ta ko owó náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí. AOL ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, ó sì tún un ṣe. Ẹ wo ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ ìyanṣẹ́lódì!

Mẹ́nẹ́jà kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ láìfún un ní kúẹ́rì, láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí ló dé tí lẹ́tà òṣìṣẹ́ kò fi ní ẹ̀tọ́ kan náà? Ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí ẹni tó bá dí lẹ́tà sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́.
2. Kí ènìyàn wà tí yóò gbọ́ ẹjọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan.
3. Kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ gbogbo agboolé níyà.

Àwa náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Láti oṣù kejì 2024, Google àti Yahoo ti ń béèrè àmì ìdánimọ̀, SPF tàbí DKIM, lọ́wọ́ ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Kí olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ wa rí i pé ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa ti fi méjèèjì síbẹ̀. Kí olúkúlùkù máa yẹ àpò Spam rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà wa níbẹ̀, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Not spam" sí, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì wa pamọ́ sínú fóònù yín.

Títí nǹkan yóò fi dára, a ó ṣì máa lẹ gbogbo ìfilọ̀ ìpàdé mọ́ pátákó ní géètì àti ní gáréèjì. Ẹ máa kà á, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kejì yín.