Ayé Àjèjì Tí Kò Ní Dá Eré Dúró

Láti ọdún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé eré ìtàn orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons jáde, ilé olódi, aràrá aláàáké àti elf elétí ṣóńṣó ló gba orí tábìlì kan. (Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an, àjèjì ni fún ẹni tó ka Fágúnwà dàgbà.) Mi ò bá wọn jà o. Bí olùdarí eré bá ní, "Ẹ ti dé ilé ọtí," kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ayé tó ṣàjèjì jù ni àlàyé rẹ̀ máa ń ju eré lọ: Empire of the Petal Throne tí M. A. R. Barker ṣe ní 1975 ní èdè tirẹ̀ àti ọlọ́run tirẹ̀, kò tilẹ̀ sí ẹṣin níbẹ̀. Ayé eré Dark Sun ti ọdún 1991 ló mọ àjèjì ṣe lójú tèmi. Aṣálẹ̀ ni Athas, ayé tí eré náà ti ń wáyé, irin ò sì wọ́pọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé egungun àti òkúta ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà, amọ̀ sísun ni owó wọn, idà irin kan ṣoṣo sì tó ohun tí èèyàn ń kú lé lórí. Bí onídán ò bá kóra rẹ̀ níjàánu, koríko àyíká rẹ̀ á di eérú. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré, ẹ yí ohun kan padà, kí ẹ sì tẹ̀lé e dédìí owó, oúnjẹ àti ìjà.