AṢỌ ŃLÁ KỌ́ NI ÈNÌYÀN ŃLÁ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n ní Ṣómólú àti Bárígà, ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ń wá olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kí ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ tí ń yàn án kọ́kọ́ wò? Àwa wí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kì í sì ṣe ìlú tí ó ti wá.

Àwọn kan ń bẹ láàárín wa tí wọ́n gbà pé ẹni tí kò bá ti ní òkìkí ní òkè òkun kò lè mọ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí á rán wọn létí oṣù Keje 2021. Mike Brown, ẹni tí ó ti darí Los Angeles Lakers rí, ni ó ń darí àwọn ọkùnrin Nàìjíríà nígbà náà. Wọ́n fi 90 sí 87 borí Amẹ́ríkà nínú eré ìmúrasílẹ̀ ní Las Vegas, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣeré, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni a sì borí wọn. A kò wí èyí láti bu ọ̀gbẹ́ni náà kù. A wí i kí á lè mọ̀ pé orúkọ ńlá kì í ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ta ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ọkùnrin wa dé Òlíḿpíìkì? Ayọ̀ Bákàrè ni, ọmọ Nàìjíríà, ní 2012. Rena Wakama ńkọ́, tí àwọn òbí rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà, bí sí Amẹ́ríkà? Kò ní òkìkí kankan nígbà tí a fi ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lé e lọ́wọ́ ní 2023. Ní ọdún náà gan-an ni ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Paris 2024, ó kó wọn dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kù, ibi tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, kò dé rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa wá àyè fún ìbátan rẹ̀. Ẹni tí ń wí pé, "Ọmọ wa ni, ẹ gbà á," ti jẹ̀bi ẹ̀sùn kan náà: òun pẹ̀lú kò wo iṣẹ́. Bí a bá sì yan aláìmọ̀kan, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Orúnkún ọmọ tí a kọ́ ní fífò tí a kò kọ́ ní bíbalẹ̀ ni yóò san án.

Ní Ṣómólú wa yìí, ìlú àwọn atẹ̀wé, ta ni ó ń gbé iṣẹ́ fún atẹ̀wé láì wo èyí tí ó ti tẹ̀ rí? Kí ìgbìmọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí wọ́n pe olúkúlùkù tí ń wá iṣẹ́ náà sí pápá, kí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí kan lójú wọn. Kí wọ́n wádìí iye àwọn tí ó ti kọ́ rí tí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí jáde. Kí wọ́n sì wò bóyá ó lè tọ́ ọmọ Bárígà sọ́nà ní èdè tí yóò yé e, títí kan Yorùbá.

Ẹni tí ó bá yege, ibi yòówù kí ó ti wá, ẹ fún un ní iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá yege, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá wa, ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ṣẹ́.